Ẹ̀yin ará Òṣogbo, kí lẹ ṣe tí àwọn ọmọ fi ń fọwọ́ nílé-ìwé?

Tíṣà Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́, ọmọ 41. Àpólò, àrùn ojú pípọ́n tó ń ràn yẹn, ti mú 9 nínú wọn. Ọṣẹ wà, omi wà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ̀yìn báyìí, wọ́n á ti fi ọwọ́ ra ojú. Ẹ sọ èyí tí ojú yín ti rí fún mi.

Ìyá Ìbejì Alékúwodò: Tíṣà, ojú mi ti rí irú ẹ̀ rí. Táíwò jí lọ́jọ́ kan, ojú pọ́n kuku, ipin ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, mo ní kó máa lọ torí ìdánwò. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Kẹ́hìndé ti kó o, ọmọ tó jókòó tì wọ́n ti kó o, tíṣà wọn náà wọ jígí dúdú wá. Ìyá ọmọ yẹn rí mi ní Ọjà Ọba, kò kí mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òun ló jàre.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Ẹ kán omi ọyàn sí i. Ohun tí ìyá mi fi wò mí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí omi ọyàn, kò sí ìtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ojú bá ń dun ọmọ gan-an, tàbí kò ríran dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Kó ní táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kó dúró sílé.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Ìyá mi ò purọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: N ò sọ bẹ́ẹ̀ sà. Ọjọ́ ló pé.

Ọmọ Ìlú Aró: Ẹ mọ ibi tí orúkọ Àpólò yẹn ti wá? 1969 tí wọ́n fi Apollo 11 lọ sínú òṣùpá ni àrùn ojú yìí jà ní Ghana.

Màmá Súkúrù: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọwọ́. 2014 tí Ebola wọ Èkó, bàsíà kan ni wọ́n gbé sẹ́nu géètì wa. Gbogbo ọmọ ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, omi yẹn ti dúdú bí aró. Ọmọ tó dé kẹ́yìn gbé ìdọ̀tí gbogbo ilé-ìwé wọ kíláàsì! Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn ni. A lu ihò sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, a fi ìdérí bírò dí i. Ọmọ á fà á yọ, á fọwọ́, á tẹ̀ ẹ́ padà. Ọṣẹ wà nínú ìbọ̀sẹ̀, a so ó mọ́ igi.

Sádé: Sanitáísà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Kì í ran ọwọ́ tó ní ẹrẹ̀, kì í sì í pa ẹyin aràn. Ọṣẹ àti omi ni.

Sádé: Ọṣẹ táwọn ọmọ ń jí.

Màmá Súkúrù: Ìyẹn ló mú wa so ó! Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa ki oríkì ilé wọn bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kó má baà jẹ́ ìfọwọ́ kánjúkánjú.

Tíṣà Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Bàbá Kẹ̀kẹ́: Mo ní mẹ́ta nílé. Ẹ fi orúkọ ilé-ìwé yín ránṣẹ́ sí mi, màá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọ̀la.