Ààrá sán, kọ̀ǹpútà ilé ò gba íntánẹ́ẹ̀tì mọ́: ṣé káàdì tó ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló jó ni?

Ìyá Aláàdìrẹ, Àdìgbẹ: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àtalẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ààrá sán ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa ò ti gba íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Fóònù ń lo Wi-Fi ráútà kan náà geere. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé wáyà tó ti ara ráútà wá ò sí lára òun, bẹ́ẹ̀ mo ti tì í wọlé títí. Inú ẹ̀ ni gbogbo àwòrán àdìrẹ tí mò ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wà. Oníṣẹ́ kan ní àfi kí n pààrọ̀ motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ so mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Alátùn-únṣe, Kútọ̀: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, mà. Ṣé iná kékeré tó wà níbi tí wáyà wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́jú? Ẹ ki wáyà yẹn gan-an bọ láàpútọ́ọ̀pù wò. Ẹ tún gbé e sí ihò mìíràn lára ráútà. Ààrá lè pa ihò kan kó dá ìyókù sí.

Bàbá Ìbejì, Òkè-Ìlèwó: Tèmi dákú ni, kò kú. Mo pa á, mo yọ ọ́ lára iná, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán. Nígbà tí mo tàn án padà, ó ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ fi àṣẹ ping, tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn, pe 127.0.0.1. Tó bá dáhùn, káàdì yín dáa nìyẹn.

Alátùn-únṣe, Kútọ̀: Rárá, àbúrò. Kọ̀ǹpútà ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni níbẹ̀ yẹn. Kódà tí ẹ bá yọ káàdì kúrò, á ṣì dáhùn. Mà, ẹ ṣí Device Manager, ibi tí Windows ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, ẹ wo Network adapters, ibẹ̀ ni orúkọ káàdì yìí máa ń wà. Tí àmì yẹ́lò bá wà lára orúkọ káàdì, ó lè jẹ́ dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering lórí fóònù kí kọ̀ǹpútà lè lo íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ ó fi rí dráífà wà jáde. Tí orúkọ ò bá sí rárá, ẹ wo BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, bóyá wọ́n pa káàdì níbẹ̀.

Ìyá Aláàdìrẹ, Àdìgbẹ: Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Wáyà náà ṣiṣẹ́ lára láàpútọ́ọ̀pù ọmọ mi. BIOS ní òun ò pa á, síbẹ̀ orúkọ ò sí. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò ẹ̀: méjì nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Alátùn-únṣe, Kútọ̀: Ó ti jó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ṣì ń tàn, kí lẹ fẹ́ fi motherboard tuntun ṣe? Ẹ ra káàdì tí wọ́n ń kì bọ USB, tó ní ihò wáyà. Ṣé ráútà yín ní ẹ̀rọ lórí òrùlé?

Ìyá Aláàdìrẹ, Àdìgbẹ: Ó ní, wáyà ẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé.

Alátùn-únṣe, Kútọ̀: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ààrá gbà wọlé. Tójò bá ti ṣú, ẹ yọ wáyà òrùlé yẹn, kí ẹ yọ wáyà iná náà.

Ìyá Aláàdìrẹ, Àdìgbẹ: Mo ti ra ti USB náà. Iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú báyìí, àwòrán ti ń lọ. Ẹ ṣeun gan-an ni.