Owó ìrànwọ́ kọ́, ìpín ilé-ìkàwé ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà dábàá pé kí a máa pe owó tí ìjọba ń ná sórí ìwé kíkà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní "owó ìrànwọ́ ìwé fún ẹlẹ́wọ̀n". Wọ́n ní ó yé tọmọdé tàgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè fara mọ́ "ìrànwọ́" yẹn rárá.

Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ ló ń yan ìgbà tó wù ú àti iye tó wù ú. Bí kò bá ṣe é lọ́dún yìí, a kì í pè é lẹ́jọ́. Bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde bá kó páálí ìwé lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìrànwọ́ nìyẹn, a ó sì dúpẹ́. Ti ìjọba yàtọ̀. Òfin 2019 tó sọ ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé iṣẹ́ àtúnṣe ní kí wọ́n pèsè àǹfààní ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sọrí Nelson Mandela ní 2015 tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlànà 64 ní kí ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìkàwé tí gbogbo irú ẹni tó wà níbẹ̀ lè lò, kí ìwé ìgbádùn àti ìwé ẹ̀kọ́ sì tó níbẹ̀. Níbo ni àánú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ̀gbọ́n mi. Òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kò wá tọrọ. Owó aṣọ rẹ̀ ló wá gbà.

Ẹlòmíràn dábàá "owó ìlú". Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, owó tí àwọn ọmọ ìlú dá jọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò. "Owó ìjọba" sàn díẹ̀, àmọ́ ìjọba wo? Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú méjèèjì wà, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ náà láyè láti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo mú wá ni "ìpín ilé-ìkàwé": iye tí a yà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún, tí a kọ orúkọ ìjọba tó ń san án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ra epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí wọn kò fún ní ìpín rẹ̀ lè béèrè. ("Ìpín ìwé" kúrú jù ú lọ, àmọ́ a lè ṣì í gbọ́ bí apá kan nínú ìwé.) Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ ìwé nínú ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Ẹni bíi tiwọn ní ará àti ọ̀rẹ́ tó lè fi ìwé ránṣẹ́. Ọlọ́kadà tí kò lẹ́ni kò ní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká yọ "ẹlẹ́wọ̀n" náà kúrò. Èyí ló ká mi lára jù. Ju ìdajì àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà lọ ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ti sọ wọ́n di ẹlẹ́wọ̀n kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Bí àkọlé owó bá sì sọ pé ti ẹlẹ́wọ̀n ni ìwé, ọ̀gá kan lè fi ìyẹn lé wọn sẹ́yìn. "Ẹni àhámọ́" gba gbogbo wọn.

Ní ti "ilé-ìkówèésí" tí àwọn kan ń lò dípò "ilé-ìkàwé", kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkàwé ń béèrè àga, iná, wákàtí tí ilẹ̀kùn máa ń ṣí, àti ẹni tó mọ ìwé tó yẹ ẹni tó ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti èyí tó yẹ ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní NOUN (yunifásítì ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ti ìjọba àpapọ̀) nínú àhámọ́. Owó oṣù ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìpín náà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni n kò tíì rí. "Olùtọ́jú ìwé" jọ ẹni tó ń nu eruku lásán, "wọ́dà" náà kò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ká máa pè é?