"Jù" àti "jùlọ" kò lè jẹ́ orúkọ ìpele ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá èdè wa. Mo ka àbá yín pé bí a bá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb) Gẹ̀ẹ́sì, ká pe faster ní "ìpele jù", ká pe fastest ní "ìpele jùlọ". Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni yóò ṣi ọmọ lọ́nà.

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

Adé sáré ju Òjó lọ.
Nínú gbogbo wọn, Adé ló sáré jù.
Adé sáré jù, ìdí nìyẹn tó fi ṣubú.

Èkínní, ẹni méjì la fi wéra, faster ni, bẹ́ẹ̀ "lọ" wà níbẹ̀ gbangba. Èkejì, fastest ni, kò sì sí "lọ" níbẹ̀. Ẹ̀kẹta kò fi ẹnikẹ́ni wé ẹnikẹ́ni, àṣejù ló ń sọ: too fast. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé "lọ" lọ́wọ́, àbọ̀ (object) àti "ni" tó wà nínú "ló" ló ń ṣe é. "Òjó" ló sọ ẹni tí a fi Adé wé. Ẹ yọ Òjó kúrò, ẹ fi "ni" tẹnu mọ́ Adé, Adé á di onípò kìíní. Ẹ yọ "ni" náà, àṣejù ló kù. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé faster wà ní "ìpele jù" á ka "Adé sáré jù", á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Adé ran faster.

Àmì ohùn ńkọ́? "Jù" tó dá dúró, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀lé e, kò yí padà: "jù mí lọ". Ṣùgbọ́n níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín ni: "ju Òjó lọ". Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ kọ "jù Òjó lọ" nínú àbá yín. Àwọn àgbà tó fún wa ní "ọ̀rọ̀-ìṣe" àti "ọ̀rọ̀-orúkọ" wo iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Fast, hard, soon, late gba -er àti -est; early náà gbà á, y rẹ̀ á di i: earlier, earliest. Èyí tí a fi -ly ṣẹ̀dá gba more àti most: more slowly, most slowly. Well, better, best àti badly, worse, worst, àkọ́sórí ni. Ọmọ tó bá ti gbà pé "jù" ni more yóò kọ more faster, torí kò rí ohun tó bá -er dọ́gba lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti ìṣẹ̀dá, bí a bá fi -ly kún ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjective), y tó tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì á di i: happy, happily. Gentle á sọ e nù: gently. Tó bá parí sí -ic, -ally ló ń gbà: basically, àyàfi public, tó di publicly. Ibi tó ti ń dojú rú jù ni hard. Works hard ni "ó ń ṣiṣẹ́ kára", hardly works sì ni "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá". Friendly ní -ly lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni síbẹ̀.

Àbá tèmi: "ìpele àfiwé" àti "ìpele ìtayọ".

Èsì:

Àbúrò, o ṣeun. Mo gba ti àmì ohùn, mo ti tún un kọ. Ṣùgbọ́n "ìtayọ" tìrẹ ń ṣàìsàn kan náà. "Adé tayọ Òjó": ẹni méjì péré nìyẹn, àbọ̀ ti dé. Báwo ló ṣe wá di orúkọ ẹni tó ṣíwájú gbogbo wọn?

Ìwọ tí o ń bá mi fa ohùn kan, wo "àpọ́nlé" tí o kọ láti òkè délẹ̀. À- olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ́n ìṣe lé, a- olóhùn àárín ló yẹ ẹ́, bíi ti apẹja àti akọrin: ọ̀rọ̀ apọ́nlé. Má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé.

Slowly ńkọ́? "Ó rọra ṣílẹ̀kùn": "rọra" ti ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kò tẹ̀lé e. More slowly á wá di "ó rọra ṣílẹ̀kùn jù mí lọ". Sọ fún mi, "rọra" ni "jù" ń wọ̀n níbẹ̀ ni, àbí "ṣí"? Dáhùn ìyẹn ná, kí o tó mú orúkọ mìíràn wá.