Géèmù Sekiro kò ní ìpele ìrọ̀rùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?

Oní-jẹnẹrétọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni ọdún 44 ni mí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Mo ti ń gbá géèmù láti ayé Contra, nígbà tí gbogbo wa máa ń kó ara wa jọ sí pálọ̀ ilé kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ládùúgbò. Lọ́dún 2021, bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ká ìka ìfábẹ̀lá mi, tọwọ́ òsì. Wọn ò gé e, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ kò ká dáadáa mọ́. Tí mo bá ní kó tẹ nǹkan, á tẹ̀ ẹ́, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀. Bí ìgbà téèyàn pe ọmọ tó wà ní yàrá kejì ni: ó ti gbọ́, ó ń bọ̀, kò sì tíì dé.

Mo ra Sekiro, géèmù ìjà idà kan, ní àlòkù fún ẹ̀rọ géèmù PS4 mi ní nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gbá a mọ̀ pé L1, bọ́tìnì tó wà lókè páàdì lápá òsì, ni ẹ̀mí géèmù yẹn. Idà ọ̀tá ń bọ̀, sísá kò fi bẹ́ẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́, kí o kàn gbé idà tìrẹ dúró dè é náà kò tó. Àfi kí o tẹ L1 ní àkókò tí irin máa kan irin gan-an. Tó bá bọ́ sí i, wàá gbọ́ "káń!", iná á ta yọ láàárín idà méjèèjì, ìdúró ọ̀tá á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹran ara rẹ ni idà máa bá. Ìka wo ló sì ń gbé orí L1? Ìka mi yẹn ni.

Ọ̀dọ̀ Genichiro, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ̀tá, ni mo wà báyìí, lókè téńté ààfin Ashina. Mo ti kú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà 67. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí ni mo ti ń fa igi rẹ̀. Mo mọ ìjà rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Mo mọ ìgbà tó máa fò sókè ta ọfà, mo mọ ìgbà tí àmì pupa máa yọ, tó túmọ̀ sí pé èyí tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń kàn gbé idà dúró dè. Ojú mi rí i, ọwọ́ ni kì í bá ojú dé. Lálẹ́ Sátidé, mo gba ẹ̀mí rẹ̀ méjèèjì. Mo ti dìde lórí àga. Àfi bó ṣe bọ́ aṣọ ìjà ara rẹ̀ sílẹ̀, tó tún dìde, tó ń fi idà ju mànàmáná. Mo kú. Kí n tó lè tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú iná lọ.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ó yẹ kí irú géèmù báyìí ní ìpele ìrọ̀rùn, èyí tí èèyàn lè yàn kí ìjà má le tó bẹ́ẹ̀? Mo mọ ohun tí Hidetaka Miyazaki tó darí rẹ̀ ń sọ, pé ayọ̀ bíborí ohun tó le ló wà nídìí iṣẹ́ wọn, pé téèyàn bá ń dín líle rẹ̀ kù nítorí kí gbogbo ayé lè gbá a, ayọ̀ yẹn ló ń yọ kúrò. Mi ò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù. Ayọ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá kiri.

Ohun tó ń dùn mí ni ìtàn tí wọ́n fúnra wọn sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù yẹn ni Genichiro ti gé apá òsì Wolf, jagunjagun tí à ń darí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Wolf pé kó lọ máa fi apá kan jà, pé kó tẹra mọ́ ìdánrawò. Bàbá àgbà kan tó ń gbẹ́ ère nínú tẹ́ńpìlì àlàpà, tí apá tirẹ̀ náà ti lọ, ló gbé apá àtọwọ́dá tó ti lò rí fún un. Orí apá yẹn ni gbogbo géèmù náà dúró lé! Àwọn tó ronú kan èyí nínú ìtàn, kí ló dé tí wọn ò ronú kàn án fún ẹni tó mú páàdì lọ́wọ́?

Ẹ sì wò ó, kì í ṣe pé líle géèmù náà kò ṣeé yí. Agogo kan wà ní tẹ́ńpìlì Senpou tó jẹ́ pé tí o bá lù ú, gbogbo ọ̀tá á le sí i, ohun tí wàá rí kó lára wọn á sì dáa sí i. Tí o bá ń gbá a lẹ́ẹ̀kejì, o lè dá oògùn ọrùn Kuro, ọmọ tí Wolf ń ṣọ́, padà fún un, kí gbogbo idà tí o kò pàdé dáadáa máa jẹ ọ́ lára bí o tilẹ̀ gbé idà dè é. Nítorí náà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí líle rẹ̀ wà níbẹ̀. Apá òkè nìkan ló ń yí sí.

Mi ò ní kí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ Genichiro kù. Celeste, géèmù òkè gígùn ọdún 2018, fún èèyàn láàyè láti dín ìyára gbogbo nǹkan kù ní ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, títí dé ìlàjì. Ká ní mo lè rí ìyára 80 nínú 100, ìjà yẹn náà ni máa jà, láìfo idà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí tiyín.

Àkànní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú ìka yẹn. Ẹ má bínú pé mi ò gbà pẹ̀lú yín tán.

Ọdún 2020, tí wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó sílé ní London níbí, ni mo gbá Sekiro. Yàrá kan ni mo ń gbé, mi ò rí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ti dúró. Lady Butterfly ló há mi lọ́fun, ìyá arúgbó tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ okùn lókè, tó ń ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Alẹ́ mẹ́rin! Lálẹ́ kejì, ká ní bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ "ìrọ̀rùn" sí, mo máa tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ara mi. Ohun tó bá ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni mo máa ń mú. Ní alẹ́ kẹrin ni nǹkan kan là lójú mi, mo dẹ́kun sísá sẹ́yìn, mo sún mọ́ ọn, mo ń gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi jókòó lẹ́yìn tó ṣubú. Ọdún yẹn kò fún mi ní nǹkan mìíràn tí mo lè pè ní àṣeyọrí.

Ohun kejì ni pé Genichiro tí ẹ ń bá jà yìí náà ni mo bá jà. Tí ẹ bá ní "ó fò, ó ta ọfà", ara mi ń gbọ̀n níbí, nítorí ọfà kan náà ló bà mí. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní Genichiro tirẹ̀, a ò ní lè bá ara wa sọ ọ́ báyìí mọ́.

Ṣé ẹ ti lọ sọ́dọ̀ Hanbei tí kì í kú, ìta tẹ́ńpìlì àlàpà? Ẹ lè fi òun dánra wò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Àkànní, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, ó wọ̀ mí lára, ní ti alẹ́ mẹ́rin yẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, àbúrò. Ìwọ ni o mọ̀ pé o ò lè kó ara rẹ níjàánu. Ṣé torí ìyẹn la máa ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì tó dúró níta? Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni ìwọ rí lò. Tèmi, àwọn ìbejì mi á sùn ní aago mẹ́sàn-án, mo ní wákàtí kan kí oorun tó gbé èmi náà.

Hades ni mo gbá, géèmù ọmọ kan tó ń gbìyànjú láti sá kúrò ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń jọba. Wọ́n fi God Mode sínú rẹ̀. Bí o bá ṣí i, ìyà tó ń jẹ ọ́ á fi 20 nínú 100 dín kù, gbogbo ìgbà tí o bá sì kú, á tún fi 2 dín sí i, kò kọjá 80. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò gbé ọ fò odi. O ṣì ń kú, o ṣì ń padà sílé lọ bá bàbá rẹ pẹ̀lú ìtìjú, àmọ́ ikú kọ̀ọ̀kan fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ìgbà 26 ni mo kú kí n tó borí bàbá yẹn nínú yìnyín òkè. Mo sunkún. Mo fi Ọlọ́run búra, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ẹkún yẹn kì í ṣe ojúlówó.

Mo tún fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa ń fi ìrọ̀rùn yẹn bú èèyàn. Wolfenstein 3D, 1992: tí o bá mú ìpele tó rọ̀ jù, wọ́n á ya àwòrán akọni ọ̀hún pẹ̀lú fìlà ọmọ ọwọ́ àti rọ́bà tí ọmọ ọwọ́ máa ń mu lẹ́nu. Ninja Gaiden Black, 2005: tí o bá ti kú léraléra, wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ di "Ninja Dog", tí o bá gbà, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọ lápá. Ajá! Ẹni tí wọ́n bá fi irú ojú yìí wò fún ọgbọ̀n ọdún, kò yà mí lẹ́nu pé ó ń tijú láti béèrè.

Atúnpáàdì

Bọ̀dá Oní-jẹnẹrétọ̀, páàdì ni mo ń tún ṣe, mo sì ti pàdé irú ìka yín. Kí àwọn yòókù tó parí àríyànjiyàn, ẹ ṣe èyí lónìí. Ẹ lọ sí Settings lórí PS4 yín, ẹ wọ Accessibility, ẹ wá Button Assignments. Ẹ fi L1 sí ipò Square, bọ́tìnì kan tí àtàǹpàkò ọ̀tún ń tẹ̀, kí Square lọ sí ipò L1. Nínú ìjà ọ̀gá, ẹ ò nílò Square fún nǹkan kan. Ẹ fi R3 (ẹ tẹ igi ọ̀tún wọlé) di ojú mọ́ Genichiro, kí àtàǹpàkò ọ̀tún yín lè kúrò lórí igi tí à ń fi wo àyíká, òun ni kó máa pàdé idà. Ìka òsì yín ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti ra agboorùn onírin, ẹ dè é mọ́ apá Wolf. R2 ni, ọwọ́ ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìwá àkókò kankan.

Ní ti ìbéèrè yín, mo gbà pé kò rọrùn fún ẹni tó ṣe é. Ìjà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan kọ́, tí o bá ní kí o fa ìwọ̀n rẹ̀ kan, òmíràn á yẹ̀. Iṣẹ́ ni, owó ni. Àmọ́ géèmù Lies of P, tó jọ géèmù àwọn tó ṣe Sekiro gan-an, tó jáde ní 2023 láìní ìpele kankan, fi ìpele méjì tó rọ̀ kún un ní 2025, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ń fẹ́ ti àkọ́kọ́ kò pàdánù nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Sekiro náà ló ṣe Elden Ring ní 2022, tí èèyàn lè pe ẹ̀mí jáde kó bá a jà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Oní-jẹnẹrétọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi fèsì, ìdí rèé.

Mo yí bọ́tìnì padà bí Atúnpáàdì ṣe wí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àtàǹpàkò ọ̀tún mi kò mọ iṣẹ́ náà rárá, ó ń fò nígbà tó yẹ kó pàdé idà. Ọ̀dọ̀ Hanbei ni mo gbé e lọ, Àkànní, o ṣeun. Mo jókòó tì í títí mi ò fi wo ọwọ́ mi mọ́.

Lánàá, wọ́n mú iná wá ní aago mẹ́wàá alẹ́. Káń, káń, káń. Mo gba ẹ̀mí rẹ̀ àkọ́kọ́, mo gba ìkejì, ó bọ́ aṣọ. Mo ti kà á pé tó bá ju mànàmáná, kí èèyàn fò, kó jẹ́ kí ó bá òun lókè, kó sì dá a padà kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mo fò. Idà Wolf tàn yànrànyànràn, mo tẹ R1 tí à ń fi gé ọ̀tá, mànàmáná yẹn padà lọ bá ẹni tó ni ín, ó sì dì gbagidi síbẹ̀. Mo sáré wọlé lórí rẹ̀. Ìyàwó mi jí sí ariwo mi.

Igi 81 ló wà lẹ́yìn ìwé mi.

Àkànní, ayọ̀ tí o sọ, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì fọwọ́ sí i pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e dànù. Ṣùgbọ́n wo bí mo ṣe rí i. Wọ́n bá mi gbé ìjà náà kúrò lórí ìka tó ti bàjẹ́, ayọ̀ yẹn kò sì dín ní nǹkan kan. Ohun tó rọ̀ mí lọ́rùn yìí, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ PS4 ló ronú kàn án, kì í ṣe ẹni tó ṣe géèmù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n ńkọ́, tí kò ní àtàǹpàkò tó lè gbé iṣẹ́ náà lọ sórí rẹ̀? Òun ni mo ṣì ń béèrè 80 nínú 100 yẹn fún.

Ọ̀bọ ńlá inú àfonífojì ló kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó máa ṣe fún mi.