Lórí "okun afò oníhámọ́ra": irin abẹ́ ẹ̀wù kì í ṣe ìhámọ́ra

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́.

Àbúrò wa tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ kó ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà wá síwájú wa lọ́jọ́ Ajé, ó ní ká bá òun tọ́ èdè rẹ̀ sọ́nà. Wáyà kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "armoured multi-fibre optical jumper". Orúkọ tó fún wáyà náà ni "okun afò ìmọ́lẹ̀ ọlọ́pọ̀-fọ́nrán oníhámọ́ra". Ẹni mẹ́rin ti yìn ín. Èmi náà mọ rírì akitiyan rẹ̀, àmọ́ ara mi ò gbà á. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fa irú okùn yìí ní Adó-Èkìtì, mo mọ inú rẹ̀ mo mọ òde rẹ̀.

Okùn ni, kì í ṣe okun. Ẹni tó bá ní àmì ohùn ò ṣe pàtàkì, kó sọ fún mi bí òun yóò ṣe kọ okùn tí ilé-iṣẹ́ MainOne fà gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí wá sí Èkó ní 2010. "Okun abe okun"?

Ó wá kan oníhámọ́ra. Oní- pàdé ìlú, ó di onílùú. Ohùn ìsàlẹ̀ orí ìlú ò kú, ó dúró, ó sì fa ọ̀rọ̀ gùn. Oní- àti ìhámọ́ra, oníhàámọ́ra ni yóò jẹ́. Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ pé kí àwa Èkìtì tí à ń pe ilé ní ulé má kọ́ òun ní oní-, mo ti rí ìwé yín. Onulé là ń wí lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo bí u náà ṣe jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè lé e. Ẹni tó tọ́jú fáwẹ̀lì báyẹn mọ ohun tí ohùn jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán láàárín wa.

Ká tiẹ̀ ní àmì rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì ṣìnà. Bàbá wa ní Ìjerò ní inú Bíbélì ni ìhámọ́ra ti wá, pé ta ni yóò bá Bíbélì jiyàn. Ẹ má bínú, sà. Ẹ ka Éfésù orí 6 dé ìsàlẹ̀: àṣíborí wà níbẹ̀, apata wà níbẹ̀, idà náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí jagunjagun há mọ́ ara ni, àti èyí tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ àti èyí tó fi ń pani. Nígbà tí ìyá mi àgbà bá ń ròyìn àwọn tó lọ sí Kírìjí, ìbọn, apó àti àdó ni ìhámọ́ra lẹ́nu wọn. Lórí rédíò lónìí ńkọ́? Adigunjalè ló ń dìhámọ́ra. Okùn yìí ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ fi abẹ là á, rọ́bà lẹ ó kọ́kọ́ kàn. Abẹ́ rọ́bà ni òwú kan tó le gan-an wà, òun ló ń gba ipá bí a bá ń fa okùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wé bíi sípíríǹgì, ó ń tẹ̀, kò sì ń jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣẹ́. Inú irin yìí ni fọ́nrán dígí wà, tí dígí kọ̀ọ̀kan ò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà lọ ní ìbú. Nítorí eku, nítorí ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni irin yẹn ṣe wà. Rọ́bà ni ẹ̀wù, irin wà lábẹ́ ẹ̀wù. Kí ni à ń pe ohun tí a wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù? Àwọ̀tẹ́lẹ̀! Okùn aláwọ̀tẹ́lẹ̀-irin ni.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ yìí tiẹ̀ lápá péńpé. Níbi tí àwọn fọ́nrán ti pínyà lọ sí ẹnu wọn tí à ń kì bọ ihò ẹ̀rọ, irin sábà máa ń dúró, kò bá wọn lọ. Ibẹ̀ ni eku ti ń rí ṣe. Ẹni tó bá ń rà á gbọ́dọ̀ kọ bí ibi tí irin ò dé yẹn yóò ṣe gùn tó, yàtọ̀ sí gígùn okùn fúnra rẹ̀.

Ọlọ́pọ̀-fọ́nrán ló bí mi nínú jù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la mọ̀, ta ló ń pè é ní kẹ̀kẹ́ ọlọ́pọ̀ ẹsẹ̀? Níbi tí iye bá ti ṣe pàtàkì, Yorùbá ń dárúkọ iye. Nígbà kan rí, ẹni tó kọ̀wé ọjà fún wa kọ "ọ̀pọ̀" lásán. Onífọ́nrán mẹ́fà ni òǹtajà kó dé, méjìlá la sì nílò. Oṣù kan gbáko la fi dúró. Mẹ́fà náà ṣáà pọ̀.

Afò, èmi ò mọ ibi tó ń fò lọ. Gẹ̀ẹ́sì tó pè é ní "jumper" ló fò, okùn ò fò. Láti ara ẹ̀rọ kan sí èkejì ló ń so. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é ní páàṣì kọ́ọ̀dù ("patch cord"), ìyẹn ò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Arábìnrin wa láti Ìkọ̀lé dá afárá lábàá. Ó dùn létí, àmọ́ a ń gba orí afárá kọjá ni, a kì í ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò. Okùn ìsopọ̀ lèmi dúró lé títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí mìíràn hàn mí.

Àbúrò mi, kọ ọ́ báyìí: "okùn ìsopọ̀ onífọ́nrán-dígí méjìlá, aláwọ̀tẹ́lẹ̀-irin". Fi irú fọ́nrán tó jẹ́, OS2 tàbí OM4, sí i, nítorí inú OS2 tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jẹ́ bíi máíkírómítà 9, ti OM4 jẹ́ 50, wọn kì í ṣe ara wọn. Kọ irú ẹnu tó ní, LC, SC tàbí MPO, fún ẹnu ìhín àti ẹnu ọ̀hún. Tó bá jẹ́ OS2, lọ wo àwọ̀ ihò ara ẹ̀rọ yín kí o tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹnu aláwọ̀ ewé, dígírì 8 ni wọ́n fi gé ojú rẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ̀. Ojú ti aláwọ̀ aró ò dágẹ̀rẹ̀. Bí o bá ki ọ̀kan bọ ihò èkejì, ìmọ́lẹ̀ á ṣòfò, ojú dígí sì lè bàjẹ́. Kọ àwọ̀ náà síbẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì fi àmì sórí okùn.