Ẹ gbà mí o, owó tí ìjọba UK ń bá mi san ní nọ́sìrì ọmọ mi ti dúró

Ẹni tó béèrè (ó ní ká fi orúkọ òun bò):
Ẹ kúùrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Omijé ló wà lójú mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Mo dé láti iṣẹ́ alẹ́ láàárọ̀ yìí, mi ò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tí mo ti sáré gbé ọmọ lọ sí nọ́sìrì, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì méjì ló kún tí wọn ò dúró gbé wa, ìgbà tá a fi máa débẹ̀ mánéjà wọn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yẹn ò kí mi o. Ó ní kí n má wulẹ̀ bọ́ kóòtù ọmọ, gbèsè ti pọ̀ jù, kí n máa gbé e padà sílé. Níwájú òyìnbó mẹ́ta! Ọmọ mi ti na ọwọ́ sí àǹtí tó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ yẹn ṣì wà nínà nígbà tí mo gbé e yí padà. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ san o, ìjọba ló máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà fún mi, ó ti pé oṣù méjì báyìí tí mi ò rí kọ́bọ̀. Àwọn tó ń purọ́ gbà á ń gbà á, èmi tí mo dá ọmọ tọ́ látọjọ́ tí mo ti bí i, tí mò ń gbé aláìsàn sókè gbé wọn sílẹ̀ látalẹ́ mọ́jú, èmi ni wọ́n rí. Ta ló mọ lọ́yà?

Ìyá Ìbejì, Dagenham:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó, lò ń sọ ni àbí 30 hours, wákàtí ọ̀fẹ́ ní nọ́sìrì lọ́sẹ̀ fọ́mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́? Ṣé físà ẹ ò ní no recourse, òfin pé o ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo ẹ̀.

Bọ̀dá Leeds:
Ẹ dúpẹ́ pé ẹ rí i gbà rí. Físà iṣẹ́ lèmi àtìyàwó mi bá wá, no recourse lára àwa méjèèjì, 30 hours ò kàn wá. £1,500 lóṣù là ń san. Tí mo bá ti iṣẹ́ dé òun náà á wọ bàtà jáde, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa. Ìgbà tọ́mọ pé ọdún mẹ́ta la tó rí 15 hours tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ, ọ̀sẹ̀ 38 péré ló sì ń kárí lọ́dún.

Màmá Tòmíwá:
@Bọ̀dá Leeds, tẹ́ ẹ bá wà ní England tówó tó ń wọlé fún yín ò sì pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní no recourse náà lè gba 15 hours látọmọ ọdún méjì. Kánsù yín lẹ máa bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀.

Alàgbà T.:
Níbo ni bàbá ọmọ wà? Ẹ̀yin obìnrin ìlú yìí, tọ́kọ bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀ ẹ ti kó ẹrù ẹ̀ síta, ìjọba ti di ọkọ yín.

Màmá Tòmíwá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, ta ló sọ fún yín pé ó lé ọkọ? Ọdún mẹ́fà lèmi fi dá ọmọ tọ́, ọkọ mi ló sá lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná.

Alàgbà T.:
Ìbéèrè ni mo béèrè, mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó béèrè:
Mi ò wá síbí kẹ́ ẹ wá tú ilé mi wò. Ọmọ ọdún méjì lé oṣù mẹ́rin ni, mo ní indefinite, ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, Universal Credit ni. Nọ́sìrì ti yọ 30 hours kúrò, £640 ló ṣẹ́ kù tí mò ń san lóṣù, èmi á kọ́kọ́ san án, wọ́n á wá dá 85% padà. Wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ kan sínú journal, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Universal Credit fi ń bá wa sọ̀rọ̀, pé kí n wá sọ àwọn tá a jọ ń gbé, mi ò tíì dáhùn torí iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè.

Màmá Tòmíwá:
Pe Gingerbread, àwa tá à ń dá ọmọ tọ́ gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Ìyá Ìbejì, Dagenham:
Àbúrò, ẹ̀gbọ́n ni mo fi bi ọ́ o. O ní iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe. Ta ló ń wo ọmọ lóru?

Bọ̀dá Leeds:
Ìbéèrè ńlá nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Dagenham:
Mo ṣì ń retí ẹ.

Ẹni tó béèrè:
Ọkọ mi ni. Ó dé láti Ìbàdàn ní oṣù kejì pẹ̀lú físà spouse. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òpùrọ́. Lóyún lóyún ni mo padà síbí, èmi nìkan ni mo wà ní lébà, lórí WhatsApp ló ti sọmọ lórúkọ. Ìgbà tó dé ni mo tó lè bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́. Ó ń lọ kọ́ọ̀sì SIA, tàwọn sẹ́kúríìtì, lójú ọ̀sán, èmi náà gbọ́dọ̀ sùn. Ọmọ ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mo bá ní níbo ni dádì wà, fóònù mi ló máa ń nàka sí, bẹ́ẹ̀ dádì jókòó sórí àga níwájú ẹ̀.

Alàgbà T.:
Ẹn-ẹn. Mo bínú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ forí jì mí.

Bọ̀dá Leeds:
Oṣù kejì! Ẹ sì ń gbowó lọ bí ẹni tó ń dá gbé? Wọ́n á gbà á padà o.

Nọ́ọ̀sì M.:
Ẹ má dẹ́rù bà á. Àbúrò, gbọ́. Nígbà tọ́kọ ẹ ṣì wà ní Nàìjíríà, o ò jẹ̀bi, ẹni tọ́kọ ẹ̀ á wà lókè òkun ju oṣù mẹ́fà lọ, bí ẹni tó dá wà ni wọ́n máa ń kà á. Ọjọ́ tó wọ ilé ẹ lọ̀rọ̀ yí padà. Torí òun ní no recourse, owó ẹni kan náà ni wọ́n á ṣì máa san, ṣùgbọ́n wọ́n á ka owó iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ tìẹ. Ibi tó le ni ti nọ́sìrì. Wọn ò sábà máa ń san án àfi tóun náà bá ń ṣiṣẹ́ owó, àbí tí àìsàn ò bá jẹ́ kó lè tọ́jú ọmọ. Kọ́ọ̀sì kọ́ niṣẹ́. 30 hours náà rí bẹ́ẹ̀, kóun náà máa pa ó kéré tán owó wákàtí 16 lọ́sẹ̀ ní minimum wage. Físà ẹ̀ gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ lónìí. Tó bá ti rí lẹ́tà iṣẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, wọ́n lè kà á sí i. Wọlé sí journal lálẹ́ yìí, kọ ọjọ́ tó dé gan-an. Èyí tó o ti gbà kọjá, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ìwọ sọ ọ́ fúnra ẹ, kó má jẹ́ àwọn ni wọ́n máa bá ọ sọ ọ́.

Màmá Tòmíwá:
Pe Citizens Advice náà láàárọ̀, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn ni, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fi no recourse ẹ̀ ṣeré, wọ́n á dá a padà. Ọdún méjì la fi dúró de físà yẹn.

Nọ́ọ̀sì M.:
Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yẹn, kì í ṣe òun. Kíkọ tó o kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ ò ba físà ẹ̀ jẹ́. Fífi pamọ́ ló léwu.

Ẹni tó béèrè:
Mo ti kọ ọ́, ọjọ́ 12 oṣù kejì. Òun ló ń ka ọjọ́ fún mi lára pásípọ́ọ̀tù ẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dartford ti ní kó wá ní Monday, ó ti fi share code, kóòdù tó fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, ránṣẹ́. Mánéjà yẹn ńkọ́? £1,280 ni gbèsè, £300 ló wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì, Dagenham:
Má lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Íméèlì ni kó o kọ. San £300 lọ́la, dá iye tó o máa san lọ́sẹ̀, fi lẹ́tà iṣẹ́ ọkọ ẹ tì í. Fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi ránṣẹ́ sí i, kí n bá ọ wò ó.

Ẹni tó béèrè:
Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́ mà.