Ṣé a nílò "ìdunra"? Lórí "ache", "pain" àti dùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dá àbá pé kí a fi ìrora sílẹ̀ fún "pain" àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí a wá ṣẹ̀dá ìdunra fún "ache". Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ni wọ́n ń túmọ̀ tí ọ̀rọ̀ fi dé ibẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, akhos, tó túmọ̀ sí ìbànújẹ́, ni "ache" ti wá, nítorí náà ó yẹ kí tiwa náà gba ara àti ọkàn pọ̀.

Èmi náà fẹ́ràn kí a máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, àmọ́ etí mi kò gba èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Gíríìkì yẹn kúrò nílẹ̀. Samuel Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe òpìtàn Yorùbá nì, ló kó wa sí i. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó gbé jáde ní 1755, ó rò pé akhos ni baba ọ̀rọ̀ náà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "ache". Acan ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà kan, ìpè méjì ló ní: ọ̀rọ̀-ìṣe ń jẹ́ "ake", ọ̀rọ̀-orúkọ sì ń parí bíi ti "match", gẹ́gẹ́ bí "speak" ṣe bí "speech". Nígbà tó yá, ìpè ọ̀rọ̀-ìṣe ló borí, àmọ́ àkọtọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló kù nílẹ̀. Ohun tó ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà nìyẹn tí tíṣà bá pe "headache" nínú àpèkọ.

"Pain" gan-an ló dùn ún yẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wọlé, "peine". Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, poena. Látìn gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì, poinē, owó tí apànìyàn ń san fún ẹbí ẹni tó pa. Ìtanràn ni! Òun náà ló wà nínú "penalty" àti nínú "subpoena" tí àwọn lọ́yà fi ń dẹ́rù bani. Tó bá jẹ́ orírun la fẹ́ tẹ̀lé, a jẹ́ pé ìyà ló yẹ kí "pain" jẹ́. Ẹ sì wò ó, ìyà tiwa náà gba ọ̀nà méjèèjì: tíṣà ń fìyà jẹ ọmọ, òṣì ń fìyà jẹ àgbà. Síbẹ̀, ta ni yóò dé ọ̀dọ̀ dókítà tí yóò ní "ìyà wà lórúnkún mi"?

Ohun tí aláìsàn ń sọ ni mo lọ fetí sí ní Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo, lọ́dọ̀ ìyá eléwé ọmọ kan tí mo jẹ́ oníbàárà wọn. Fún bíi wákàtí kan, n kò gbọ́ ìrora lẹ́nu ẹnì kankan. Orí ń fọ́, inú ń run, ara ń ro, ẹ̀gbẹ́ ń gún, ojú egbò ń ta, ẹ̀yìn ń dùn. Bàbá kan kàn ní ẹsẹ̀ ń ṣe òun, ìyá dá wọn dúró: "Ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń gún yín?" Èsì yẹn ni wọ́n máa fi mọ ewé tí wọ́n máa wé fún wọn. Ìrora wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ẹni tó bá ń jẹ̀rora, wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe ẹbí.

Wàyí o, dùn. Ìró kan náà la fi ń sọ pé ọsàn dùn, tí a tún fi ń sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó wà nínú adùn àti ìdùnnú, ó wà nínú ẹ̀dùn tí a fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Mí kékeré tó tẹ̀ lé e yẹn ló ń yà wọ́n. Àgùnbánirọ̀ kan ládùúgbò wa, tí kì í ṣe Yorùbá, wọ ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan nítòsí Ìgbọ̀nà, ó dọwọ́ bo ikùn, ó ní, "Inú mi ń dùn gan-an." Ọmọ tó ń tajà dá a lóhùn pé, "Ẹ kú oríire." Kí wá ni ìdunra, tí kò tilẹ̀ ní mí kankan nínú, fẹ́ ṣe? Létí tèmi, àbúrò ìdùnnú ló jọ.

Ní ti ọkàn tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi kún un, ẹ̀dùn ọkàn ti wà nílẹ̀. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ kọ ẹ̀fọ́rí, inú rírun, ara ríro, ẹ̀yìn dídùn. Níbi tí kò bá ti fẹ́ ẹ, ẹ béèrè: "Ibo ló ń dùn yín? Báwo ló ṣe ń ṣe yín?"

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan péré ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Ibi tí wọ́n ti ní kí aláìsàn mú nọ́ńbà láti 0 dé 10 láti fi sọ bó ṣe ń dùn ún tó, tí 10 jẹ́ èyí tó le jù, ṣé ìdunra náà lẹ máa kọ síbẹ̀, kí ìyá àgbà kan tí ara tù lọ́jọ́ náà wá fi tayọ̀tayọ̀ mú 10?